Àtọ̀gbẹ àti iṣan ìmọ̀lára: Bí ìrora ẹsẹ̀ bá dákẹ́, ara lè má tíì yá

Ooru ìlú Lọ́kọ́ja kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú náà wà ní àfonífojì tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé, Òkè Patti sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rí oorun sùn dáadáa níbẹ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í ṣe ooru ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹsẹ̀ wọn ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó wọn bí ẹni tó tẹ ẹyín iná, ìka ẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí ata, wọn kò sì lè fara da aṣọ ìbora tó fúyẹ́ jù lọ. Wọn a dìde, wọn a ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, wọn a tún padà dùbúlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ń bá fínra, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì tíì mọ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ìpalára tí ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ti ṣe fún iṣan ìmọ̀lára wọn. Ìrora náà le, ó sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tó léwu jù ú lọ. Ohun náà ni ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá dákẹ́, tí aláìsàn sì rò pé òun ti sàn.

Bí àtọ̀gbẹ ṣe gbilẹ̀ tó

Nínú ìròyìn tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé darí gbé jáde ní ọdún 1997 lórí àwọn àrùn tí kì í ràn, ìdá 2.2 nínú 100 àwọn àgbàlagbà ni wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára wọn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì fojú dá a pé iye náà ti di ìdá 5.77 nínú 100, èyí tó ju mílíọ̀nù 11 ènìyàn lọ. Ní ẹkùn àárín gbùngbùn àríwá, níbi tí Ìpínlẹ̀ Kogí wà, ìdá 3.8 ni wọ́n rí. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ìdá 5.5 ni.

Àwọn onímọ̀ gbà pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó tó ìdajì àwọn alátọ̀gbẹ tí iṣan ìmọ̀lára wọn lè bàjẹ́ dé ìwọ̀n kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ní ìrora. Àwọn tí kò ní ìrora rárá pọ̀ gan-an, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ewu ń bá lójijì.

Kí ni ṣúgà ń ṣe fún iṣan ìmọ̀lára?

Iṣan ìmọ̀lára ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó so gbogbo ara pọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìròyìn lọ, àwọn náà ni wọ́n ń gbé àṣẹ bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ẹ̀gún, wọn a sáré lọ sọ fún ọpọlọ. Bí ọpọlọ bá ní kí ẹsẹ̀ fò sókè, wọn a jíṣẹ́ náà kíákíá. Iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ ló gùn jù lọ nínú ara. Láti ẹ̀yìn ìbàdí títí dé orí ìka ẹsẹ̀, ó lè gùn tó mítà kan lára àgbàlagbà.

Àwọn òpójẹ̀ kéékèèké ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ fún àwọn iṣan wọ̀nyí. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ohun méjì a máa ṣẹlẹ̀ pọ̀. Èkíní, ara àwọn òpójẹ̀ náà a máa nípọn, ọ̀nà inú wọn a máa há, oúnjẹ àti atẹ́gùn tó ń dé ọ̀dọ̀ iṣan a sì dín kù. Èkejì, ṣúgà a máa wọ inú iṣan gan-an, níbi tó ti ń yí padà di àwọn èròjà tó ń ba iṣan jẹ́ láti inú wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sìgá mímu àti sísanra jù a máa mú kí ìbàjẹ́ náà yára sí i.

Nítorí pé iṣan tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà, orí ìka ẹsẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ sókè. Nígbà tó bá fi máa dé ìtòsí orúnkún, orí àwọn ìka ọwọ́ náà a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dunni, tàbí tí ìrora bá ń ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wá sí itan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn, dókítà ló sì yẹ kí ó sọ ohun tó jẹ́.

Báwo ni ìrora náà ṣe máa ń rí?

Àwọn aláìsàn a máa ṣàpèjúwe rẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn kan a ní ó ń jó bí iná. Àwọn kan a ní ó dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gúnni, tàbí bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ara. Àwọn mìíràn a ní ó máa ń dédé fà wọ́n já bí iná mànàmáná, a sì tún lọ. Ó tún lè dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, tàbí lórí òwú, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sì tẹ́jú.

Ìrora yìí a máa le sí i ní alẹ́. Iṣan tó ti bàjẹ́ ló ń rán ìròyìn èké sí ọpọlọ. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò lè mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí èyí, ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ náà lè má rí egbò tàbí wíwú kankan. Àwọn ará ilé a wá rò pé aláìsàn ń ṣe àṣejù, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà ju ojú lásán lọ. Wọn a ní ó ti tẹ oògùn tí ẹnìkan gbé sílẹ̀ fún un, wọn a sì máa gbé e kiri. Oṣù tó yẹ kí wọ́n fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a wá bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣan tó bàjẹ́ ti ń fi ara hàn. Àwọn iṣan tó ń darí àwọn ẹ̀yà inú náà lè bàjẹ́. Òòyì a máa kọ́ àwọn kan bí wọ́n bá dìde lójijì. Oúnjẹ a máa pẹ́ nínú àwọn mìíràn kí ó tó dà. Nǹkan ọkùnrin lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ tí kò làágùn mọ́ a máa gbẹ, a sì máa sán, ojú ibi tó sán yìí ni kòkòrò àrùn sì máa ń gbà wọlé.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dákẹ́

Bí ìbàjẹ́ náà bá ń tẹ̀síwájú, ọjọ́ kan lè dé tí iṣan kò ní lè rán ìròyìn kankan mọ́, ì báà jẹ́ òótọ́ tàbí èké. Iná tó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ a kú. Oorun a padà wá. Inú aláìsàn a dùn, a sì lè dá oògùn dúró. Ó lè jẹ́ pé ìpara tàbí àgbo tó lò kẹ́yìn ni yóò gba ọpẹ́.

Òótọ́ ni pé ìrora lè lọ nítorí pé ṣúgà ti wálẹ̀ tàbí nítorí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè lọ nítorí pé ẹsẹ̀ ti kú tipiri. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ èyí tó jẹ́ ni kí a yẹ ẹsẹ̀ náà wò.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára mọ́ kò ní olùṣọ́. Ìṣó lè gún un, kí ẹni tó ni ín sì rìn dé ọjà kí ó tó padà sílé. Bàtà tuntun lè bó o. Omi gbígbóná lè hó o lára. Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, àwọn oníṣègùn kọ ìròyìn kan ní ọdún 2005 nípa àwọn alátọ̀gbẹ tí eku jẹ lẹ́sẹ̀ lójú oorun, tí wọn kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá jí tó rí irú egbò bẹ́ẹ̀ lè rò pé ayé ló ń bá òun jà, bẹ́ẹ̀ eku ilé lásán ni.

Ohun tó ń tẹ̀ lé egbò tí a kò mọ̀ ni ìwádìí kan fi hàn kedere. Láàrin ọdún 2016 sí 2017, àwọn oníṣègùn tọpa aláìsàn 336 tí àtọ̀gbẹ fa egbò ẹsẹ̀ fún, ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà. Ìdá 25.9 nínú 100 péré ló ti gba ẹ̀kọ́ kankan rí nípa ìtọ́jú ẹsẹ̀. Ìdajì nínú wọn ni egbò ti wà lára wọn fún ọjọ́ 39 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Ìdá 35.4 nínú 100 ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ wọn, ìdá 20.5 nínú 100 sì kú. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn márùn-ún tó dé ilé ìwòsàn nítorí egbò, ẹnìkan kò padà sílé.

Ilẹ̀ gbígbóná àti omíyalé ní Lọ́kọ́ja

Ewu yìí wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà ojú títì àti kọnkéré àgbàlá a máa gbóná dé ibi tó fi lè bó awọ ẹsẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá a fò kúrò níbẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè dúró níbẹ̀ kí ó máa ná ọjà. Ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi bọ́ bàtà láti rìn kọjá àgbàlá mọ́ṣáláṣí, tàbí láti kí àgbà nínú ilé, tó láti dá ojú egbò sílẹ̀.

Omi ni ìkejì. Ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022, odò méjèèjì kún kọjá bèbè wọn, omi sì bo ọ̀pọ̀ ilé ní Ganaja, Adankolo àti àwọn àdúgbò mìíràn létí odò. Ní ọdún 2022, omi gé ọ̀nà tó lọ sí Àbújá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì há sójú ọ̀nà. Àwọn tó ń wọ́ omi kọjá láti kó ẹrù wọn kò lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀: páànù, ìgò tó fọ́, ìṣó, igi. Omi náà kò mọ́, awọ ẹsẹ̀ tó ti rẹ sínú omi fún wákàtí púpọ̀ a sì máa yára bó. Fún alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, bí ó bá di dandan kí ó wọ omi, bàtà rọ́bà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ó wọ̀. Bí ó bá ti jáde, kí ó fọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí omi lé kúrò nílé tún ní láti rántí mú oògùn wọn àti káàdì ilé ìwòsàn dání. Bí oògùn bá sì jẹ́ ínsúlínì, ibi tútù ni kí wọ́n pa á mọ́ sí.

Ẹ̀ka ìkẹta ni àwọn awakọ̀. Lọ́kọ́ja jẹ́ oríta tí ọkọ̀ láti gúúsù ń gbà lọ sí Àbújá àti àríwá. Awakọ̀ tí kò mọ ìwọ̀n agbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tẹ bíréèkì kò fi ara rẹ̀ nìkan wewu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó tún di ọkọ̀ mú.

Kì í ṣe àtọ̀gbẹ nìkan ló ń fà á

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń jóni ni àtọ̀gbẹ fà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ iṣan àti ọpọlọ tí òkìkí wọn kàn jù ní Áfíríkà, kọ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1968 nípa àìsàn iṣan tó ń mú àwọn ènìyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Ó so àìsàn náà pọ̀ mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣètò rẹ̀ dáadáa, pàápàá láàrin àwọn tí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn nìkan. Ní ọdún 1971, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwádìí jáde lórí 832 ọmọ Nàìjíríà tó ní àtọ̀gbẹ.

Ọtí àmujù, ẹ̀tẹ̀, kòkòrò HIV, àti isoniazid tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè ba iṣan jẹ́. Àìtó fítámì B12 pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan, ó sì kan àwọn alátọ̀gbẹ ní pàtàkì. Metformin, oògùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, lè dín B12 kù nínú ara bí wọ́n bá ti lò ó fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n dá metformin dúró. Kí wọ́n béèrè fún àyẹ̀wò B12 ni, nítorí pé èyí rọrùn láti tọ́jú.

Àyẹ̀wò tí a lè ṣe nílé

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì a máa fi fọ́nrán ọ̀rá kan tó rọ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀, wọn a sì máa fi irin tó ń gbọ̀n kan eegun àtàǹpàkò láti mọ̀ bóyá aláìsàn ń gbọ́ ọ. Ó yẹ kí gbogbo alátọ̀gbẹ ṣe irú àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún un pé ó ní in, nítorí pé ṣúgà ti lè ga fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀.

Àwọn oníṣègùn ní ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àyẹ̀wò mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 2011, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀, yóò sì di ojú. Ará ilé kan yóò fi orí ìka ọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì: àtàǹpàkò, ìka àárín, àti ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Kò gbọdọ̀ tẹ ìka náà, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ pa á, kò sì gbọdọ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Nígbàkígbà tí aláìsàn bá mọ ọ́n lára, yóò sọ ẹsẹ̀ tó jẹ́. Bí ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà bá wà tí kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà ti máa kú, ó sì yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ní àtọ̀gbẹ yẹ kí ó wọn ṣúgà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ kí ó tó jẹun, tí wọ́n sì tún un ṣe tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni.

Ìtọ́jú: ṣúgà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìrora

Kò tíì sí oògùn tó ń dá iṣan tó ti bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni láti dá ìbàjẹ́ náà dúró tàbí kí a fà á sẹ́yìn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti ọdún 1983 sí 1993, pẹ̀lú aláìsàn 1,441 tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, ìdíwọ̀n ṣúgà tó múná dín ewu àìsàn iṣan kù ní ìdá 60 nínú 100. Fún irú kejì, tó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn àgbàlagbà, èrè rẹ̀ lórí iṣan kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Ó sì tún ń dáàbò bo ojú àti kíndìnrín.

Bí ṣúgà bá ti ga fún ìgbà pípẹ́, kò yẹ kí wọ́n já a wálẹ̀ lójijì. Ìrora lè le sí i fún ìgbà díẹ̀ bí ó bá yára jù. Díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà dókítà.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá oúnjẹ alátọ̀gbẹ kiri. Àmàlà, ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, títí kan àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló ń di ṣúgà nínú ara. Ìwọ̀n tí a bù ló ṣe pàtàkì jù. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ nínú àwo. Ẹja odò kò sì wọ́n ní Lọ́kọ́ja bí ó ti wọ́n níbòmíràn.

Fún ìrora fúnra rẹ̀, àwọn oògùn apara-ríro tí wọ́n ń tà káàkiri kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, àwọn mìíràn nínú wọn sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn oògùn tó ń mú iṣan rọlẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń kọ: amitriptyline, duloxetine, gabapentin àti pregabalin. Ní ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Solomon Tesfaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde, níbi tí wọ́n ti fi amitriptyline, duloxetine àti pregabalin wéra lára 130 aláìsàn. Wọ́n rí i pé ìbáà jẹ́ èyíkéyìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, agbára wọn dọ́gba, fífi èkejì kún un sì ran àwọn tí ọ̀kan kò tó fún lọ́wọ́. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀, nítorí pé amitriptyline wà lára àwọn tó dínwó jù. Ṣùgbọ́n a máa kùn ènìyàn lóorun, a máa mú ẹnu gbẹ, kò sì dára fún gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn àgbà, àwọn tó ní àìsàn ọkàn, àti àwọn ọkùnrin tí ìtọ̀ ń há mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bákan náà ni tramadol, tó lè sọ ènìyàn di ẹrú oògùn.

Àwọn oògùn wọ̀nyí a máa gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó fi agbára wọn hàn. Bí ìrora bá dín kù dé ìdajì, tí aláìsàn sì ń rí oorun sùn, àwọn dókítà ka èyí sí àṣeyọrí.

Owó oògùn ti gbówó lórí láti ọdún 2023, nígbà tí iye náírà já wálẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ GSK àti Sanofi sì kéde pé àwọn kò ní máa ta oògùn fúnra àwọn ní Nàìjíríà mọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́ yẹ kí ó sọ ọ́ fún dókítà, kí wọ́n lè yí i padà sí èyí tó dínwó, dípò kí ó máa jẹ oògùn ọjọ́ kan kí ó sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀.

Ohun tí kò náni lówó: ìtọ́jú ẹsẹ̀ lójoojúmọ́

- Ẹ wo ẹsẹ̀ yín lálaalẹ́: òkè, ìsàlẹ̀, gìgísẹ̀ àti àárín ìka. Bí títẹ̀ bá nira, ẹ gbé dígí sílẹ̀ kí ẹ fi wo àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe ọmọ ilé kan kí ó bá yín wò ó.
- Ẹ fọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi dán omi wò. Kí ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ dán an wò.
- Ẹ nu àárín ìka gbẹ. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́ gbọ́dọ̀ fiyè sí èyí.
- Ẹ fi òrí tàbí ìpara kun ibi tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi sí àárín ìka.
- Ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Ẹ gbọn inú bàtà dànù, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
- Ẹ gé èékánná ní títọ́, kí ẹ má gé e wọnú. Ẹ má ṣe fi abẹ̀fẹ́lẹ́ gé ibi tó bá le lára ẹsẹ̀.
- Ẹ má ṣe yá iná, ẹ má ṣe fi ìgò omi gbígbóná sí ẹsẹ̀, ẹ má sì fi ìpara tó ń ta bí ata pa ẹsẹ̀ tó ti kú.
- Ẹ di oúnjẹ pa dáadáa, kí ẹ sì dí ihò tí eku ń gbà wọlé.

Gbígbé pẹ̀lú ìrora

Ìrora tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn a máa sọ ọ́ di oníbìínú, a sì máa mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Kò yẹ kí ó máa dá nìkan rù ú. Kí ìyàwó, ọkọ tàbí àwọn ọmọ mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tó ń sọ, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ojú lè rí. Àwọn kan rí i pé fífi àpótí kékeré gbé aṣọ ìbora sókè kúrò lórí ẹsẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìrìn díẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó ta, pẹ̀lú bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, a máa mú ṣúgà wálẹ̀, a sì máa jẹ́ kí oorun dára, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí egbò. Ó tún dára kí aláìsàn kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ìrora le sílẹ̀, kí ó fi han dókítà. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ wúlò ju kí ó kàn sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun lọ.

Ìgbà wo ni kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

Lọ́jọ́ náà gan-an ni, bí egbò bá yọ, bó ti wù kí ó kéré tó. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó pọ́n tàbí tó gbóná ju èkejì lọ. Bí awọ bá ń dúdú. Bí òórùn bá ń jáde. Tàbí bí ibà bá dé pẹ̀lú egbò. Ẹsẹ̀ tó wú tó sì gbóná láìsí egbò àti láìdunni náà kì í ṣe ohun àfojúfò, nítorí eegun inú rẹ̀ lè máa fọ́. Lọ́kọ́ja ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí yóò bá rìnrìn àjò. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n fọ egbò náà, kí wọ́n sì kọ ìwé tí yóò mú dání.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Egbò tó tó orí abẹ́rẹ́ lónìí ṣeé wò pẹ̀lú omi mímọ́, aṣọ egbò àti oògùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 39, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti di ti ayùn. Nítorí náà, alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ ń jó ní òru yìí kò gbọdọ̀ dákẹ́. Èyí tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò jó mọ́ ní láti tan iná, kí ó tẹ̀, kí ó sì wò ó.